Ẹ̀yin oníkámẹ́rà tó ń lọ sókè òkun: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kó dání, àtohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílé l'Ádó

Ìgbéyàwó kì í ní àtúnyà. Bí wọ́n bá ti so yìgì tán, tí ìyàwó ti kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó tán nìyẹn. Onífọ́tò tí wọ́n gba bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tàbí tí báàgì lẹ́ńsì rẹ̀ ṣì wà ní Addis Ababa nígbà tóun fúnra rẹ̀ ti dé London, kò ní àlàyé tó lè ṣe fún ẹbí tó sọ pé kó wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ èèyàn ní Adó-Èkìtì. Láti Ìjìgbò dé Òkèyinmi, láti Bàsírì dé ọ̀nà Ìwòròkò táwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU pọ̀ sí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kámẹ́rà jẹun kò kéré. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́yìn odi náà a sì máa fẹ́ ẹni tó mọ àṣà ilé: ẹni tó mọ ìgbà tí ìyàwó máa kúnlẹ̀, tó mọ̀ pé alága ìjókòó ti fẹ́ dá àpárá, tó sì ti gbé kámẹ́rà sójú kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lórí. Àwọn míì ń lọ fún ẹ̀kọ́, àfihàn fọ́tò, Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù. Gbogbo wọn ló máa bá ìbéèrè kan náà pàdé: kí ni kéèyàn kó, kí ni kó fi sílẹ̀?

Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ lọ ṣe?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kàn fẹ́ ya Big Ben àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, kò nílò ju kámẹ́rà kan, lẹ́ńsì kan, bátìrì méjì àti ṣájà lọ. Fóònù tó dáa gan-an lè tó o.

Ẹni tó ń lọ ya òde nílò kámẹ́rà méjì. Kì í ṣe fàájì. L'Ádó, bí fíláàṣì bá kú láàárín ìsìn, ìpè kan sí ọ̀rẹ́ ní Ajílòsun ti tó, ọ̀kadà á gbé òmíràn dé kí wọ́n tó parí ìwàásù. Ní Manchester, kò sí ọ̀rẹ́ yẹn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ gba ètò ọjọ́ náà lọ́wọ́ ẹbí, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan máa béèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbúra ní ṣọ́ọ̀ṣì: ọ̀pọ̀ àlùfáà kì í fẹ́ kí onífọ́tò sún mọ́ pẹpẹ, nítorí náà ẹ nílò lẹ́ńsì tó lè fa nǹkan ọ̀kánkán mọ́ra. Fọ́tò ẹbí níta: lẹ́ńsì 24-70mm tó. Gbọ̀ngàn ìnáwó lálẹ́: ìmọ́lẹ̀ kì í tó, ẹ nílò lẹ́ńsì tó ń ṣí dé f/1.8, àti fíláàṣì. Ohunkóhun tí ẹ kò bá rí apá kankan nínú ètò náà tẹ́ ẹ máa lò ó fún, ilé ló yẹ kó wà.

Ìṣirò kílò: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú

Kámẹ́rà, lẹ́ńsì, bátìrì àti káàdì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń jù sínú ikùn bàlúù. Ẹrù yẹn lè pẹ́ dé, ó lè sọnù, wọ́n sì lè jù ú bí ẹni ju àpò iṣu. Ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e. Ṣùgbọ́n ẹrù ọwọ́ náà ní ìwọ̀n. Fún ẹni tó jókòó ní economy, 7kg péré ni Ethiopian Airlines, Qatar Airways àti Emirates ń gbà. British Airways ń gbà tó 23kg, bí ẹni tó ni ín bá ti lè gbé e sí òkè orí ìjókòó fúnra rẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tiyín kẹ́ ẹ tó di ẹrù, torí pé ìlànà wọn ń yí padà.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Kámẹ́rà Sony A7 III kan wúwo tó 650g, méjì jẹ́ 1,300g. Lẹ́ńsì 24-70mm GM àkọ́kọ́ jẹ́ 886g. Lẹ́ńsì 70-200mm GM àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi 1,480g. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 kékeré jẹ́ 186g. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,852g. Bí báàgì fúnra rẹ̀ bá wúwo tó 2kg, tí láápútọ́ọ̀pù jẹ́ 1.4kg, tí bátìrì, fíláàṣì àti ṣájà jẹ́ nǹkan bíi 600g, gbogbo rẹ̀ ti di nǹkan bíi 7.85kg. Níbi tí wọ́n bá ti gbé e lé òṣùwọ̀n, wàhálà dé: ẹ sanwó, tàbí kí wọ́n gbà á lọ sínú ikùn bàlúù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ 70-200mm yẹn, tí ẹ fi 85mm f/1.8 tó wúwo tó 371g rọ́pò rẹ̀, àpapọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ sí 6.7kg. Ẹ ti wọlé. Lóòótọ́, 85mm kò lè fa nǹkan mọ́ra bíi 200mm, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ó máa ń tó, ó sì dáa gan-an fún fọ́tò ojú èèyàn. Bí ṣọ́ọ̀ṣì náà bá jẹ́ kàtídírà, ẹ béèrè bóyá ẹ lè yá 70-200mm níbẹ̀. Ní ìlú ńlá bíi London, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní lẹ́ńsì fún ọjọ́ kan wà. Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ béèrè ṣáájú irú ìwé àti owó ìdúró tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò.

Tripod, ọ̀pá iná, ṣọ́fútíbọ́ọ̀sì àti okùn lè lọ sínú ẹrù ńlá. Ẹ fi aṣọ òkè àti bùbá wé wọn, kò ní sí ohun tó máa ṣe wọ́n.

Bátìrì: kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyọnu lásán làwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ bátìrì ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì lithium ní àwọn yàrá kéékèèké nínú. Bí ọ̀kan bá gbóná kọjá ààlà, ó máa ń ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí iná ọyẹ́ ṣe ń mú pápá. Gáàsì tí wọ́n fi ń pa iná nínú ikùn bàlúù kì í sì ká a kò dáadáa.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bàlúù akẹ́rù UPS kan gbiná kété tó gbéra ní Dubai. Bátìrì lithium wà nínú ẹrù tó kó. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kú. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, iná sọ nínú bàlúù Air Busan kan ní pápákọ̀ Gimhae, ní South Korea, kó tó gbéra. Gbogbo èèyàn 176 tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè. Àwọn olùwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ power bank tó wà lókè orí ìjókòó ló dá a sílẹ̀. Látoṣù Kẹta ọdún náà ni South Korea ti ní kí wọ́n má fi power bank sókè yẹn mọ́.

Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù ọwọ́. Bí ó bá gbiná níbẹ̀, ojú èèyàn á tó o, wọ́n á sì tètè fi omi pa á.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń wò ni Wh tí wọ́n kọ sára bátìrì. Tí kò bá tó 100Wh tàbí tó jẹ́ 100Wh gẹ́lẹ́, kò sí ìṣòro. Láti 100Wh dé 160Wh, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàlúù, bátìrì àfikún méjì péré sì ni wọ́n lè gbà. Èyí tó bá ju 160Wh lọ kò gbọ́dọ̀ bá èrò wọ bàlúù rárá.

Tí Wh kò bá sí lára rẹ̀, ẹ fi V lu mAh, kẹ́ ẹ pín in sí 1,000. Bátìrì Sony NP-FZ100 jẹ́ 7.2V àti 2,280mAh: ìyẹn jẹ́ 16.4Wh, kékeré ni. Bátìrì iná Godox AD200 jẹ́ 14.4V àti 2,900mAh, nǹkan bíi 42Wh. Òun náà kò ní wàhálà.

Power bank ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún ará ilé wa. Nítorí pé iná BEDC kì í dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ádó ti ra èyí tó tóbi. Power bank 20,000mAh, ní 3.7V, jẹ́ 74Wh: ó lè lọ. Èyí tó jẹ́ 30,000mAh ti di 111Wh: ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ. Èyí tó jẹ́ 50,000mAh jẹ́ 185Wh: ilé ló máa wà. Látọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Emirates kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo power bank nínú bàlúù wọn mọ́, ọ̀kan ṣoṣo tí kò tó 100Wh ni èrò sì lè gbé.

Ẹ fi téèpù lẹ ojú irin bátìrì kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ fi í sínú ike rẹ̀. Èyí tó ti wú, tàbí tí ìkọ̀wé ara rẹ̀ ti pa rẹ́, ẹ má gbé e dání.

Iná, plọ́ọ̀gì àti ìlà dúdú inú fídíò

Plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí à ń lò nílé náà ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Benin, Tógò àti Faransé, ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó ni. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ ni, iná wọn sì jẹ́ nǹkan bíi 120V, nígbà tí tiwa jẹ́ 230V. Ṣájà kámẹ́rà tí wọ́n kọ 100-240V sí lára kò nílò ju adápítọ̀ kékeré lọ. Èyí tí wọ́n kọ 220V nìkan sí kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń ba fídíò jẹ́, tí ọ̀pọ̀ kì í rí àfi lẹ́yìn òde. Iná ilé ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ ní 50Hz, ti Amẹ́ríkà ń lọ ní 60Hz. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà tó ti fi shutter sí 1/50 láti Adó dé gbọ̀ngàn kan ní Houston lè rí ìlà dúdú tó ń rìn nínú fídíò rẹ̀ lábẹ́ iná. Ẹ yí i sí 1/60 tàbí 1/120 kí òde tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún aago kámẹ́rà méjèèjì ṣe papọ̀. Nígbà òtútù, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà la jọ ń lò. Bí aago kámẹ́rà méjì kò bá dọ́gba, àtitò fọ́tò náà lẹ́sẹẹsẹ á di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Káàdì: ohun tó kéré jù, tó sì wọ́n jù

Kámẹ́rà ṣeé rà padà. Fọ́tò kò ṣeé rà padà. Fídíò 4K tó ń lọ ní 100Mbps ń gba nǹkan bíi 45GB láàárín wákàtí kan. Òde wákàtí mẹ́fà lè gba 270GB fún kámẹ́rà kan ṣoṣo. Ẹ ṣe ìṣirò yìí nílé, kẹ́ ẹ má baà máa pa àwòrán rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jó.

Tí kámẹ́rà yín bá ní ojú káàdì méjì, ẹ jẹ́ kó máa kọ fọ́tò sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí haadi dírááfù méjì. Ọ̀kan á wà nínú báàgì ọwọ́, ìkejì á wà lára yín tàbí lọ́dọ̀ ẹbí tó gbé iṣẹ́ fún yín. Ẹ má ṣe nu káàdì kankan títí ẹ ó fi padà délé.

Òtútù kì í ṣe ọyẹ́

Ọyẹ́ tiwa eruku ló ń gbé wá. Òtútù ti òkè òkun ń jẹ bátìrì. Bátìrì tó ń ya odindi ìsìn l'Ádó lè kú kí wọ́n tó ya fọ́tò ẹbí tán níta ní Toronto ní oṣù Kìn-ín-ní. Ẹ fi àwọn àfikún sínú àpò ẹ̀wù, nítòsí ara, kí wọ́n má tutù. Bí ẹ bá sì ń ti inú yìnyín wọ gbọ̀ngàn tó gbóná, ẹ kọ́kọ́ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá níta, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gba ooru díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á hù lójú lẹ́ńsì bí ìgbà tí wọ́n gbé pọ̀ọ̀wọ́tà tútù síta lọ́sàn-án.

Àwọn tó ṣì ń lo fíìmù náà ní ìkìlọ̀ tiwọn: ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun tó wà ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ lè ba fíìmù tí wọn kò tíì fọ̀ jẹ́. Ẹ tọrọ pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Dróònù: ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì

Nílé níbí, dróònù ní òfin lọ́dọ̀ NCAA àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAA wọn. Ní Morocco, wọ́n máa ń gba dróònù lọ́wọ́ àlejò ní pápákọ̀ ni, nítorí pé wọn kò fàyè gbà á kó wọlé. Tí ẹbí kò bá dìídì béèrè fún àwòrán òkè, ẹ fi sílé.

Físà: ibi tí báàgì ti lè sọ̀rọ̀ jù yín lọ

Apá yìí ló lè ná èèyàn ní ohun tó pọ̀ jù. Físà àlejò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe físà iṣẹ́. Ẹni tó gba físà náà láti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wá dé Heathrow pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́ta, iná mẹ́rin àti ìwé àdéhùn owó ìgbéyàwó nínú fóònù, báàgì rẹ̀ ti jẹ́rìí ta kò ó kó tó la ẹnu. Wọ́n lè dá a padà. Bí wọ́n bá sì rí i pé ó parọ́ nígbà tó ń tọrọ físà, wọ́n lè fi òfin dè é fún ọdún 10.

Kì í ṣe pé gbogbo ọ̀nà dí. Òfin wọn gba oníròyìn tó ń kó ìròyìn jọ fún ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn odi láàyè, ó sì gba àwọn tó lọ ya fíìmù tí wọ́n ṣe tí wọ́n sì náwó sí nílẹ̀ òkèèrè láàyè. Amẹ́ríkà náà ń gba onífọ́tò láàyè pẹ̀lú físà B-1, bí kò bá gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníròyìn ní físà tiwọn, tí wọ́n ń pè ní I. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹbí tó ń gbé ní London fẹ́ sanwó fún kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kàn ń ṣèbẹ̀wò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa físà kẹ́ ẹ tó gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ pàdánù iṣẹ́ kan sàn ju kẹ́ ẹ pàdánù ọdún mẹ́wàá lọ.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò ló ń gba Ìkẹjà. Ọdọọdún làwọn onífọ́tò láti Nàìjíríà ń gba Sèmè lọ sí Ouidah ní Benin, fún ọdún Vodun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní. Lọ́dún 2009, Emeka Okereke àtàwọn onífọ́tò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Bamako ní Mali, fún àfihàn fọ́tò Rencontres de Bamako. Invisible Borders ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà. Lọ́dún 2014, wọ́n gbéra láti Èkó lọ sí Sarajevo, ní Bosnia.

Lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń wọn kílò, ṣùgbọ́n ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tú báàgì. Ẹrù tí ẹ lè kà tán láàárín ìṣẹ́jú kan ni kẹ́ ẹ gbé. Ẹ má ya ẹnubodè, ṣọ́jà, ọlọ́pàá tàbí pápákọ̀, bó ti wù kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí yín tó.

Ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ to gbogbo ẹrù sórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ ya á, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ kó rìsíìtì dání, tàbí fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù. Bí àwọn aṣọ́bodè bá béèrè nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé pé ibo lẹ ti ra kámẹ́rà yìí, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn pé ilé ló ti bá yín lọ. Bó bá sọnù, ìwé kan náà lẹ máa fún ọlọ́pàá.

Ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbéra l'Ádó

Ẹ má ra kámẹ́rà tuntun lọ́la tẹ́ ẹ máa wọ bàlúù. Ẹrù tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ gan-an, òun nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìn Sunday kan níbí, kẹ́ ẹ fi ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tẹ́ ẹ bá sáré padà wá mú nílé, òun lẹ gbàgbé. Ohun tẹ́ ẹ kò fọwọ́ kàn rárá, òun ló ń jẹ kílò yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gbé báàgì náà lé òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń ta ìrẹsì lọ́jà Ọba ní òṣùwọ̀n. Ó sàn kí tirẹ̀ sọ òótọ́ fún yín ju kó jẹ́ ti Ìkẹjà lọ, nígbà tí ìlà ti gùn lẹ́yìn yín, tí wákàtí kan péré sì ṣẹ́kù kí bàlúù gbéra.